Ìbọn Àmúdà Tó Kọ̀ Tí Kò Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Dáníẹ́lì Ògúntúndé, àbúrò mi, jẹ́, kó wá sí ilé ìdáná mi, kó wo ohun tó kù níbẹ̀. Kẹrosíìnì tí mo fi ń dáná ti tán. Òróró àgbọn tí mo fi ń para ti dé ìdí ìgò. Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà tí mo tọ́jú nítorí ikọ́ mi, ẹyọ kan péré ló ṣẹ́kù, òun náà sì ti gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín, inú agolo mílíìkì kan ni mo ti bá a, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Tí mo bá béèrè, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ìbọn ni.” Ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń gbọ́ “ìbọn ni,” bí ẹni pé ìbọn ló bí àwa méjèèjì.

Inú ilé bàbá wa ní Ìlá la jọ ń gbé. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun sì fi ọdún mẹ́rin tẹ̀lé mi. Ọkọ mi kú, ìyàwó tirẹ̀ náà kú, àwọn ọmọ wa fọ́n ká sí Ìbàdàn àti Àbújá. Ni mo bá gbé máṣíìnì ìránṣọ mi padà sílé, òun náà gbé ìbọn rẹ̀ dé. Ọdẹ ni láti kékeré, ọdẹ gidi, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdi ògiri mú, ibo ni yóò ti rí ẹsẹ̀ lé ẹran? Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó máa fọ ìbọn fún àwọn ọdẹ tó ṣì lágbára. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ń gbé ìbọn wá bá a láti Ọ̀rà, wọ́n ń gbé e wá láti Iresi, wọ́n sì máa ń sọ pé ìbọn tí Ògúntúndé bá fọ̀ kì í já ọdẹ kulẹ̀.

Àmọ́ kò ra oògùn ìfọbọn tí wọ́n ń tà nínú páálí rí. Kí ló fẹ́ rà á ṣe, nígbà tí Dinah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé ìdáná? Á kọ́kọ́ ká ìbọn náà ní ọrùn, á wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú pé ọta kátíríìjì kankan kò sí níbẹ̀, á wá yọ irin rẹ̀ kúrò lára igi. Á bu omi gbígbóná tí mo fẹ́ fi ro ọkà, á dà á gba inú ihò méjèèjì títí omi ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi mọ́. Tó bá gbẹ, á so okùn ìpẹja mọ́ nọ́ọ̀tì irin kan, á ju nọ́ọ̀tì náà sínú ihò kó jáde ní ìsàlẹ̀, á sì fi okùn náà fa àkísà tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì kọjá. Ibi tí irin bá ti dógùn-ún lóde, á po eérú tí mo jọ̀ mọ́ kẹrosíìnì, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á. Òróró ló ń gbẹ̀yìn: ti àgbọn fún igi, òróró máṣíìnì mi fún irin, ẹ̀kán díẹ̀ díẹ̀. Kì í jẹ́ kí epo pupa sún mọ́ ihò ìbọn láé, ó ní ńṣe ló máa ń dì síbẹ̀ bí oje igi.

Àkísà náà ńkọ́? Ta lẹ rò pé ó ni ín? Mo fi ìró sá sórí okùn kí n tó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, nígbà tí mo fi máa dé, ìró ti di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó ní aṣọ tó ti gbó ló dára jù, pé kì í ha irin. Ta ló sọ fún un pé ìró mi ti gbó?

Èyí tó tún wá ń bí mi nínú jù ni ti wíwò. Tó bá fọ ìbọn tán, á gbé irin rẹ̀ sókè kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á di ojú òsì, á fi ojú ọ̀tún wo inú ihò. Bó bá rí i tó ń dán yí ká bí inú àwo tuntun, ó ti mọ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ wò ó kí ẹni tó fọ̀ ọ́ tó sọ pé ó mọ́. Bí bàbá wa ṣe fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn, bó sì ṣe di òfin láàárín àwọn ọdẹ tó ń bá wa ṣe nìyẹn. Obìnrin ní tirẹ̀ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Mo sọ fún un pé nǹkan tí wọ́n torí rẹ̀ ní kí obìnrin má fọwọ́ kàn án, ó ti dáwọ́ dúró lára mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní èèwọ̀ ò mọ àgbà. Ẹ ò rí nǹkan? Ìró mi lè wọ inú ìbọn, èmi tí mo ni ìró ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn.

Bàbá wa tún fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún un. Ó ní ìbọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ tí kò tọ́ sí i, wọn ì báà fọ̀ ọ́ fún oṣù kan, inú rẹ̀ ò ní mọ́. Èmi ò fìgbà kan gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Irin ni irin ń jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ gbà á gbọ́, Ògúntúndé sì gbà á gbọ́ ju gbogbo wọn lọ, òun tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ ba ayé Àmúdà jẹ́ lóṣù tó kọjá.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Àmúdà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ó wà lára àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà Ọ̀rà nítorí àwọn ajínigbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lóṣù náà ni ẹnì kan tí a ò mọ̀ yìnbọn ba Gabriel, àgbẹ̀ kòkó kan, lẹ́sẹ̀ nínú oko rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Gabriel ò kú, ṣùgbọ́n ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọdẹ ní ìwòkuwò. Sànúsí, olórí wọn, wá sọ gbangba pé ọdẹ tó bá wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àwọn á lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn á sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀yìn èyí ni Àmúdà gbé ìbọn rẹ̀ wá fún fífọ̀ bó ṣe máa ń gbé e wá. Kò ro nǹkan kan.

Àárín òjò ni. Láti ọjọ́ Ajé tó gbé e wá, a ò rójú oòrùn, ńṣe ni ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ògúntúndé fọ ìbọn, ó gbé e sókè, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní inú rẹ̀ ò tíì mọ́. Mo ní kó lọ fọ ọwọ́ kó wá jẹun. Lọ́jọ́ kejì ó tún omi gbóná, ó tún kẹrosíìnì dà. Ó dà á tán, ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ agolo ló dà á sí. Mo fi èébú bò ó. Mo ní ṣé kẹrosíìnì tí mo tò fún láti àárọ̀ lo fi ń bomi rin ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Lọ́jọ́ kẹta, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ mi sínú agolo, ó kó kànìnkàìn onírin tí mo fi ń fọ ìkòkò, ó ha inú ìbọn náà títí mo fi ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú yàrá. Ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run tó ṣú. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ lérán.

Àwa tí a ti ń fi èédú dáná nítorí pé kẹrosíìnì tán, ẹnu wa ò lè dákẹ́. Mo sọ̀rọ̀ títí ó fi sú èmi alára. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá wa ló ṣẹ, pé ìbọn Àmúdà ti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn.

Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú, pé ọmọ ọlọ́mọ ni, pé ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí ọmọ tuntun. Mo ní ṣé nítorí ihò irin lo máa fi ran èèyàn lọ sẹ́wọ̀n? Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo ka Bíbélì sí i lára. Kò yí ohùn padà. Ó ní òun fẹ́ràn Àmúdà, pé bí òun ṣe ń fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, ńṣe ni òun ń gbàdúrà kó mọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè sọ pé ó mọ́ nígbà tí kò mọ́.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé fóònù, ó pe Sànúsí. Inú bí mi débi pé mi ò gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, Sànúsí àti Àmúdà dé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Èmi wà nídìí máṣíìnì mi lẹ́nu ọ̀nà, mò ń rán ohun tí mi ò mọ̀. Ògúntúndé gbé irin ìbọn náà lé ẹsẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí, ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀. Àmúdà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá ń bá òun ṣàwàdà. Nígbà tó rí ojú Sànúsí, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó búra pẹ̀lú Kùránì pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun yin ìbọn náà lóṣù yẹn, pé ọ̀yà lòun pa, pé ìyàwó òun ló sè é jẹ.

Sànúsí wá mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí Àmúdà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà òjò ọdún tó kọjá, ohun kan náà ni Bàbá Ògúntúndé rí nínú ìbọn Ọláwuyì, ọdẹ mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọn ò mọ ohun tí Ọláwuyì pa, kò sì sí ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, síbẹ̀ wọ́n ní kó máa lọ, ó sì kó lọ sí Ìgbájọ. Báwo ni àwọn ṣe fẹ́ wá fi ti Àmúdà sílẹ̀, nígbà tí tirẹ̀ ní ẹ̀rí, tí Gabriel wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ó ní kí Àmúdà fi ìbọn sílẹ̀, kó máa lọ sílé lọ dúró de ọlọ́pàá.

Àmúdà ò sunkún, kò sì pariwo. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ògúntúndé gbé e sókè. Ó di ojú òsì, ó wò ó. Ó ní, “Ó ṣú, ọmọ mi.”

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. N ò ní sọ pé Ẹ̀mí ni. Ìbínú ni. Kẹrosíìnì mi, òróró mi, ọsàn mi, ìró mi, omi gbígbóná ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló ti wọ inú irin yẹn lọ, wọ́n sì ní kò mọ́! Mo rìn lọ bá a, mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sànúsí ní, “Màmá, obìnrin kì í fọwọ́ kàn án.” Mo ní kó pa ẹnu dé, pé èmi ni mo bọ́ ìbọn yìí láti ọjọ́ Ajé, mo fẹ́ rí ibi tí oúnjẹ mi wọ̀ sí. Mo gbé e kọjú sí ojú ọ̀run, mo wo inú rẹ̀.

Ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, ó mọ́ kedere. Mo wo ihò kejì, ó ń dán yinrin, bí inú síbí tuntun.

Mo na irin náà sí Sànúsí. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á, torí òfin wọn. Mo ní àbúrò mi ti sọ tirẹ̀, kí òun náà wá sọ tirẹ̀. Ó wò ó, ó yí i padà, ó tún un wò láti òdìkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi. Mo mọ ohun tó ń rò, ó rò pé bóyá ọwọ́ mi tó kàn án ló fọ̀ ọ́ mọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí irú wàhálà yìí mọ́. Ògúntúndé na ọwọ́, ó gba irin náà, ó di ojú òsì, ó wò ó. Ó ní ó ṣì ṣú.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo àbúrò mi dáadáa. Kì í purọ́ láti kékeré, orí rẹ̀ ò sì dàrú. Mo rántí kẹrosíìnì tó dà sí ẹ̀gbẹ́ agolo. Mo rántí pé láti bí ọdún kan ni mo ti ń kígbe mọ́ ọn pé kó yéé fi èjìká ọ̀tún gbá ìlẹ̀kùn, tí mò ń pè é ní aláìfarabalẹ̀.

Mo ní, “Dáníẹ́lì, fi ojú òsì wò ó.”

Ó ní ojú ọ̀tún ni wọ́n fi ń wo ìbọn. Mo ní mo mọ̀, mo ní kó fi ojú òsì wò ó nítorí tèmi. Ó jọ pé ohùn mi ló dẹ́rù bà á, torí kì í ṣe ohùn tí mo fi ń bá a jà. Ó di ojú ọ̀tún, ó fi ojú òsì wo inú irin náà. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó kọjú sí igi gúáfà tó wà lójúde, ó fi ọwọ́ bo ojú kan, ó tún fi bo ìkejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Sànúsí ti tẹrí ba.

Ó ní, “Àmúdà, ìbọn rẹ mọ́. Èmi ni mi ò ríran.”

Àmúdà gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń dúpẹ́, bí ẹni pé wọ́n ṣe é lóore. Sànúsí ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀ mí, kò mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀ mọ́. Wọ́n to ìbọn náà pọ̀, Àmúdà gbé e kọ́ èjìká, ó lọ bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹni tó yìnbọn ba Gabriel, a ò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe Àmúdà.

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń pariwo lórí ọsàn wẹ́wẹ́, ojú ọ̀tún àbúrò mi ń kú lọ nínú ilé kan náà, mi ò mọ̀. Òun alára ò mọ̀, torí ojú òsì ló ń bá a gbé gbogbo rẹ̀. Tí oòrùn bá mú ganrínganrín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀tún náà ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú ihò ìbọn. Tí òjò bá ti mú ọjọ́ ṣú, kò ní rí nǹkan kan. Mo sọ fún un pé tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ojú là ń lọ. Ó jókòó síbi tó wà, ó ní, “Ìgbà òjò náà ni ti Ọláwuyì.”

A ò lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́ lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ Ìgbájọ la wọ̀. Mo ráhùn lójú ọ̀nà, torí ọkọ̀ náà gbó, òkè ibẹ̀ sì ga, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ó ti tó ọdún kan tí Ọláwuyì ti ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A bá a níwájú ilé tó gbà, ó ń tún táyà ṣe. Ó rí wa, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó mọ̀, àbúrò mi ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn, níwájú ọmọ tó lè bí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ojú, ti òjò, ti Àmúdà. Ó ní òun ló ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, pé ìbọn rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ká ní èmi ni, ǹ bá bú u. Ọláwuyì gbé e dìde, ó mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun náà sì jókòó tì í.

Ó ní, “Bàbá, èmi gbà yín gbọ́. Mo ní bí ẹ bá sọ pé mo pa èèyàn, mo pa á nìyẹn.” Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà lọ́dún yẹn tí òun yìnbọn sí igbó tó ń mì, tí òun ò sì rí ẹran kankan níbẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti lé òun, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni òun ti gun ọ̀kadà láti Ìgbájọ padà lọ sínú igbó yẹn, tí òun ń fi ọwọ́ tú ewé, tí òun ń wá egungun.

Ó wá di ọwọ́ àbúrò mi mú. Ó ní, “Ṣé kò wá sí ẹnì kankan níbẹ̀?”

Ògúntúndé ní, “Kò sí, ọmọ mi. Kò sí ẹnì kankan.”